Ìhà tí Òǹwòran Kọ sí Fíìmù Atẹ̀lé: Àyẹ̀wò Àwọn Fíìmù Apanilẹ́rìn-ín Ẹbí fún Àsìkò Kérésìmesì

Ìfáárà

Ní ọdún 1997, nígbà tí apá kẹta fíìmù Home Alone jáde, Roger Ebert, gbajúgbajà alámèyítọ́ fíìmù fún ìwé ìròyìn Chicago Sun-Times, fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìràwọ̀ méjì àbọ̀ ni ó fún apá kìíní ní 1990. Méjì péré ni ó fún apá kejì ní 1992. Bí a bá tẹ̀ lé ìdájọ́ yìí, a jẹ́ pé bí fíìmù náà ṣe ń lọ síwájú ni ó ń dára sí i. Ìdájọ́ àwọn òǹwòran kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Apá kìíní pa nǹkan bí mílíọ̀nù 476 dọ́là káàkiri àgbáyé, apá kejì pa nǹkan bí mílíọ̀nù 359, owó tí apá kẹta pa kò sì ju nǹkan bí mílíọ̀nù 79 lọ. Títí di òní, apá méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbé jáde bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé. Àwọn tó rántí orúkọ ọmọ tó wà nínú apá kẹta kò pọ̀.

A kò gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀ láti bá Ebert jà. Alámèyítọ́ ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń wo bóyá ìtàn jẹ́ tuntun, bóyá ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ mú, bóyá ọmọ tó ṣe é mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó jẹ wá lógún ni ìdí tí òṣùwọ̀n yìí fi máa ń kùnà bí a bá gbé e lé fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ṣe fún ẹbí ní àsìkò Kérésìmesì, pàápàá fíìmù atẹ̀lé. Èrò wa ni pé ilé kan ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún òǹwòran. Fíìmù atẹ̀lé tó bá tún ìlẹ̀kùn ilé yẹn ṣí, òǹwòran yóò wọlé, ìbáà jẹ́ àwítúnwí ni ó bá níbẹ̀. Èyí tó bá lọ kọ́ ilé mìíràn, tó wá kọ orúkọ ilé àtijọ́ sí ara ògiri rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni òǹwòran yóò ti padà.

Fíìmù Atẹ̀lé àti Ohun tí Òǹwòran Ń Retí

Fíìmù atẹ̀lé ni a pe fíìmù tó bá mú ẹ̀dá-ìtàn, ibùdó ìtàn tàbí orúkọ fíìmù kan tó ti jáde ṣáájú, tó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. Ó yàtọ̀ sí àtúnṣe fíìmù, níbi tí wọ́n ti ń tún ìtàn kan náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ rí. Ààlà yìí kì í fi ìgbà gbogbo hàn kedere, bí a ó ṣe rí i níwájú.

Tíọ́rì tí a fi ṣe àtẹ̀gùn ni ti ìgbàsọ́kàn òǹkàwé, èyí tí Hans Robert Jauss, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Konstanz ní ọdún 1967. Jauss ní òǹkàwé kì í lọ bá iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ òfo. Àwọn iṣẹ́ tó ti mọ̀ ṣáájú ti gbin ìrètí sí i lọ́kàn, ìrètí yìí ni ó sì fi ń wọn èyí tó jẹ́ tuntun. Títí dé ibi yìí, a kò ní àríyànjiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jauss tún gbà pé iṣẹ́ tó bá tayọ ìrètí, tó mú kí òǹkàwé tún ojú rẹ̀ nù wò ó, ni ó níyì jù, àti pé èyí tó kàn bá ìrètí mu kò ju ohun ìdárayá lásán lọ. Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni kò ṣe é gbé wọ inú fíìmù Kérésìmesì láìṣe àtúnṣe sí i.

Ìdí ni pé ọdún ni Kérésìmesì, ọdún sì ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tó bá lọ wo egúngún ilé wọn kò lọ nítorí àtirí ohun tí kò rí rí. Bí aṣọ tó mọ̀ kò bá jáde lọ́dún yẹn, yóò béèrè ìdí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àlọ́ àpagbè. Ọmọ tó ti gbọ́ àlọ́ kan nígbà mẹ́wàá yóò tún ní kí wọ́n pa á, bí apàlọ́ bá sì ṣèèṣì yí orin rẹ̀ padà, ọmọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ tún un ṣe. Kò sí ẹni tó ń sọ fún apàlọ́ pé Ìjàpá ti pọ̀ jù nínú àlọ́. Ohun tí àwùjọ kò ní gbà ni kí ẹlòmíràn wọlé, kí ó máa jẹ́ Ìjàpá. Karin Barber, nínú ìwé tó kọ lórí ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí, èyí tó jáde ní ọdún 2000, fi hàn pé òǹwòran eré Yorùbá kì í jókòó kí ó kàn máa gbé ohun tí wọ́n bá fún un mì. Òun náà ń bá wọn ṣẹ̀dá ìtumọ̀ eré náà, ó sì ń yọ ẹ̀kọ́ tó bá ìgbésí ayé rẹ̀ mu nínú rẹ̀. Ojú yìí ni a fẹ́ fi wo àwọn òǹwòran fíìmù Kérésìmesì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà wọn jìn sí tiwa.

Ilé McCallister: Apá Kìíní àti Apá Kejì

John Hughes ni ó kọ Home Alone, Chris Columbus ni ó darí rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1990. Owó tí wọ́n fi ṣe é jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 18 dọ́là. Ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko léraléra ni ó fi wà ní ipò kìíní ní àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ṣì ń tò láti wò ó nígbà tí Kérésìmesì ti lọ tán.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ìdílé McCallister, tí ilé wọn wà ní ìgbèríko Chicago, fẹ́ lọ ṣe ọdún ní Paris. Kevin, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí Macaulay Culkin ṣe, bá àwọn ará ilé jà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, wọ́n sì rán an lọ sùn sí òkè àjà. Ó fi ìbínú gbàdúrà pé kí gbogbo wọn pòórá. Lóru, ìjì gé iná mànàmáná, aago tí ì bá jí wọn kò dún, wọ́n fi ìkánjú jí, wọ́n sì ka ọmọ aládùúgbò kan mọ́ tiwọn. Inú bàálù ni ìyá ti rántí pé ọmọ òun kò sí níbẹ̀. Bí ìyá ti ń wá gbogbo ọ̀nà láti padà sílé ni olè méjì, Harry àti Marv, tí Joe Pesci àti Daniel Stern ṣe, ń gbìyànjú láti fọ́ ilé náà, tí Kevin sì ń fi oríṣiríṣi pańpẹ́ dè wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù yìí, pańpẹ́ ni wọn máa ń sọ: irin gbígbóná, agolo ọ̀dà tó fò láti òkè àtẹ̀gùn, ìṣó lábẹ́ ẹsẹ̀. Lójú tiwa, pańpẹ́ kọ́ ni òpó tó gbé ilé náà ró. Àwọn baba wa ní ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ̀rù tó wà nínú Home Alone ni pé igba ojú yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn aládùúgbò ti rìnrìn àjò. Ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá kan ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹnìkan ṣoṣo tó kù ní àdúgbò ni Marley, bàbá arúgbó tí àwọn ọmọdé ti fi ìtàn ìbẹ̀rù kún orúkọ rẹ̀, òun náà sì ni ó gba Kevin sílẹ̀ nígbẹ̀yìn nígbà tí ọwọ́ àwọn olè tẹ̀ ẹ́. Òun náà ti bá ọmọ tirẹ̀ jà, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, ìyá Kevin wọlé, Marley sì dì mọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ níwájú ilé. Ẹ̀rín ni òǹwòran fi gba irin gbígbóná, ṣùgbọ́n nítorí ìdìmọ́ra yìí ni ó ṣe ń padà wá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní gbangba pé apá kejì, tó jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1992, àwítúnwí ni. Ìjà kan wáyé kí wọ́n tó rìnrìn àjò. Ìdílé tún sùn gbàgbé. Wọ́n tún sá eré lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Kevin tún pàdánù wọn, nítorí ó tẹ̀ lé ọkùnrin tó wọ irú ẹ̀wù bàbá rẹ̀ wọ inú bàálù tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn yòókù balẹ̀ sí Florida, òun balẹ̀ sí New York. Olè méjèèjì ti sá jáde ní ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì wà níbẹ̀. Ní ipò Marley, obìnrin kan tó ń gbé láàárín àwọn ẹyẹlé ní ọgbà ìgbafẹ́ ni Kevin kọ́kọ́ bẹ̀rù, tó sì wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kódà fíìmù ọ̀daràn àtijọ́ tí Kevin fi dẹ́rù ba àwọn àlejò nínú apá kìíní ní apá kejì tirẹ̀ nínú apá kejì! Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀.

Kí ni ó wá mú kí òǹwòran gba àwítúnwí yìí? Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ojú tí wọ́n mọ̀ ni ó padà: ọmọ, ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n oníwàhálà, àbúrò bàbá tó láhun, olè méjì. Èkejì ni pé ohun kan yí padà lábẹ́ àwítúnwí náà, ohun ọ̀hún kò sì kéré. Nínú apá kìíní, ọmọ wà nílé, ẹbí ni kò sí. Nínú apá kejì, ọmọ kò sí nílé, ẹbí rẹ̀ kò sì mọ ibi tó wà. Ó wà láàárín àwọn àjèjì nínú ìlú ńlá. Ilé tó ti dẹ pańpẹ́ sílẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe tiwọn, ilé ìbátan wọn kan tí wọ́n ń tún ṣe lọ́wọ́ ni. Nítorí náà, nígbà tí ìyá rẹ̀ rí i lábẹ́ igi Kérésìmesì ńlá ní Rockefeller Center, òǹwòran rí ohun tí apá kìíní kò fi bẹ́ẹ̀ sọ: pé ibi tí ìyá bá wà ni ilé. Ìjàpá kan náà ni, orin kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko yàtọ̀.

Nígbà tí Ilé Yí Padà

Raja Gosnell ni ó darí apá kẹta, John Hughes ṣì ni ó kọ ọ́. Ọmọ mìíràn, Alex, ni ó wà níbẹ̀, nínú ìdílé mìíràn. Ara sú ọmọ náà, kò lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn amí mẹ́rin ń wá ohun èlò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó wà nínú ọkọ̀ ìṣeré tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Pańpẹ́ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n gbọ́n ju ti ìṣáájú lọ, ìyá arúgbó aládùúgbò tó le koko náà wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìpàdánù. Iṣẹ́ ni ó gbé àwọn òbí Alex jáde nílé, wọn yóò sì padà wálé. Kò sí ẹni tó ṣìnà, kò sí ìyá tó ń sunkún ní pápákọ̀ òfuurufú, Kérésìmesì gan-an kò kó ipa kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá wo fíìmù yìí bí ẹ̀fẹ̀ lásán, tí kò gbé ìrètí kankan dání, yóò gbádùn rẹ̀. A rò pé ohun tí Ebert rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n òǹwòran tó wá sílé McCallister bá ilé onílé.

Apá kẹrin, èyí tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣàn ní ọdún 2002, gba ọ̀nà mìíràn ṣìnà. Ó dá orúkọ Kevin, Buzz àti Marv padà, ṣùgbọ́n òṣèré mìíràn ni ó ń jẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé náà ti dàwátì, bàbá àti ìyá sì ti pínyà. Ilé ọlọ́rọ̀ tí bàbá ń gbé pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tuntun ni Kevin ti lọ ṣọdún. Pé tọkọtaya pínyà kì í ṣe ohun tí kò yẹ kí fíìmù sọ. Ṣùgbọ́n nínú apá méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì ni ó ya ọmọ àti òbí. Àwọn òbí gan-an kì í gbèrò rẹ̀. Níbí, àwọn àgbà ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú ilé ká, orúkọ tí wọ́n sì fi ṣe é ni orúkọ àwọn tí òǹwòran ti mọ̀ sí ìdílé kan. Apá karùn-ún, tó jáde lórí tẹlifíṣàn ní 2012, kò fi bẹ́ẹ̀ gba àfiyèsí ẹnikẹ́ni, a kò sì ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Home Sweet Home Alone, tó jáde lórí Disney+ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, yẹ fún àfiyèsí jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ó gbìyànjú ohun tuntun. Àwọn tó fẹ́ fọ́ ilé kì í ṣe olè paraku. Tọkọtaya ni wọ́n, wọ́n ní ọmọ, ọ̀rọ̀ owó ti fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbà pé ọmọ tó wà nílé náà jí ọmọláńgidi olówó iyebíye tí ì bá gbà wọ́n sílẹ̀. Èrò náà ní ìyọ́nú nínú, ìyọ́nú yìí gan-an ni ó sì ba ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí a bá ti ń káàánú, a kì í fi ìṣubú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Harry àti Marv lè gba agolo ọ̀dà sí iwájú orí nítorí pé àwa òǹwòran ti gbà láàárín ara wa pé ó tọ́ sí wọn. Òfin àlọ́ ni, bí Ìjàpá ṣe ń jẹ ìyà ojúkòkòrò rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sunkún. Bí bàbá ọmọ méjì tó fẹ́ pàdánù ilé bá wá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí orí, ẹ̀rín yóò há sí òǹwòran lọ́fun. Buzz, tí Devin Ratray tó ṣe é tẹ́lẹ̀ tún ṣe, yọjú níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá, ó sì mẹ́nu ba Kevin. Ojú kan ṣoṣo yẹn ni ó so fíìmù náà mọ́ ilé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ àti òǹwòran ni wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ìdílé Griswold àti Bàbá Kérésìmesì

Ẹnìkan lè sọ pé ojú òṣèré ni gbogbo ohun tí à ń wí. Àpẹẹrẹ kan wà tó takò ó. National Lampoon's Christmas Vacation, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, tí John Hughes yìí kan náà kọ, fíìmù atẹ̀lé ni òun fúnra rẹ̀: apá kẹta nínú ìtàn ìdílé Griswold, lẹ́yìn ti 1983 àti ti 1985. Nínú apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òṣèré mìíràn ni ó ń ṣe ọmọkùnrin wọn, òṣèré mìíràn ni ó sì ń ṣe ọmọbìnrin wọn ní gbogbo ìgbà. Síbẹ̀, apá kẹta yìí ti di ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi ọdún ṣeré láì wò. Kò sí ẹni tó bínú nítorí ọmọ, nítorí pé Clark àti Ellen, tí Chevy Chase àti Beverly D'Angelo ṣe, wà níbẹ̀, àwọn sì ni òpó ilé. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé apá méjì àkọ́kọ́ dá lórí ìrìn-àjò. Apá kẹta ni ìdílé náà ti jókòó sílé, tí àwọn ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó wá ya lù wọ́n. Fíìmù atẹ̀lé yìí ni ó kọ́ ilé tí àwọn tó ṣáájú kò ní.

Ní ọdún 2003, wọ́n ṣe apá kejì fún Christmas Vacation lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n yọ Clark kúrò, wọ́n gbé Eddie, ìbátan wọn aláìmòye, sí ipò olórí ẹ̀dá-ìtàn, wọ́n sì kó ìtàn lọ sí erékùṣù kan. Nínú fíìmù 1989, Eddie ń pani lẹ́rìn-ín nítorí pé àlejò tí kò fẹ́ lọ ni. Bí a bá fi àlejò ṣe baálé, ta ni yóò wá máa ṣe àlejò fún? Fíìmù náà kò rí ẹni gbà á.

Àwọn fíìmù The Santa Clause gba ọ̀nà kẹta. Nínú ti 1994, Scott Calvin, tí Tim Allen ṣe, ti kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣèèṣì di Bàbá Kérésìmesì, ilé ẹjọ́ sì fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ Charlie nítorí pé ọmọ ń sọ fún gbogbo ayé irú ẹni tí bàbá òun jẹ́. Nínú ti 2002, ó gbọ́dọ̀ fẹ́ ìyàwó kí Kérésìmesì tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ipò yóò bọ́. Charlie ti di ọ̀dọ́langba alágídí. Nínú ti 2006, ìyàwó ti lóyún, Jack Frost sì fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣèré kan náà ni ó ń ṣe Charlie láti kékeré dé ìgbà tó dàgbà, nítorí náà ìdílé náà ń dàgbà lójú òǹwòran. Apá kìíní pa nǹkan bí mílíọ̀nù 190 dọ́là, apá kejì nǹkan bí mílíọ̀nù 172, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́jọ ni ó wà láàárín wọn. Apá kẹta wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 110. Lójú wa, ìdí kan ni pé ìjà rẹ̀ ti kúrò lórí bàbá àti ọmọ, ó ti di ìjà oyè.

Òṣùwọ̀n Owó àti Òṣùwọ̀n Ọdún

Owó ilé sinimá ni a ti fi ń wọn nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tó àkókò kí a tú àṣírí òṣùwọ̀n náà. A Christmas Story, tí Bob Clark darí ní 1983 láti inú àwọn ìtàn Jean Shepherd, kò pa ju nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ nígbà tó jáde. Lójú àwọn ilé sinimá, ó wá, ó sì lọ. Tẹlifíṣàn ni ó jí i dìde. Láti 1997, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn TNT bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn léraléra fún wákàtí 24 láti alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó sì di ohun tí àwọn ìdílé ń tan tẹlifíṣàn sí bí wọ́n ti ń se oúnjẹ. Ẹni tí kò wò ó tán lẹ́ẹ̀kan rí lè ti rí gbogbo apá rẹ̀ tán, ní ẹyọ-ẹyọ, láàárín ọdún mẹ́wàá. Kò sí owó ilé sinimá tó lè ka irú òǹwòran bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ṣe atẹ̀lé fún un lẹ́ẹ̀mẹta tó yẹ kí a sọ. Ní 1994, Bob Clark fúnra rẹ̀ padà, ohùn Shepherd sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ti dàgbà, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò gbogbo wọn. Kieran Culkin, àbúrò Macaulay, ni ó ṣe Ralphie. Kò ta. Ní 2012, òmíràn jáde tààrà lórí fídíò, Daniel Stern, Marv ọjọ́sí, sì ni ó ṣe bàbá. Ìyẹn náà kò rọ́wọ́ mú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọdún 39 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, A Christmas Story Christmas jáde lórí HBO Max. Peter Billingsley, tó ṣe Ralphie ní ọmọdé, ni ó padà wá gẹ́gẹ́ bí bàbá ọlọ́mọ, àwọn tó ṣe ọ̀rẹ́ àti àbúrò rẹ̀ sì padà pẹ̀lú rẹ̀. Darren McGavin, tó ṣe bàbá rẹ̀, ti kú ní 2006. Wọn kò wá ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Ikú bàbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn: Ralphie padà sílé ìyá rẹ̀ láti wá ṣọdún tí ìyá kò fẹ́ kí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ara àwọn òǹwòran yá sí èyí ju àwọn méjì ìṣáájú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn náà ti sin bàbá tí wọ́n jọ wo fíìmù àkọ́kọ́.

Oṣù Kejìlá ní Ilé Sinimá Tiwa

Home Alone dé ọ̀dọ̀ wa nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn náà lórí tẹlifíṣàn. Ọ̀yẹ́ ni ó wà níta, kì í ṣe yìnyín, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì yé bí ọmọ ṣe lè dá wà nílé fún ọjọ́ mélòó kan tí ìyá àgbà kan kò ní kan ìlẹ̀kùn béèrè ohun tó jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó bá wa wò ó kò rẹ́rìn-ín sí ibi tí ìyá ti ń bẹ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàálù. Wọ́n pòṣé.

Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí àsìkò yìí, oṣù Kejìlá ti di àsìkò tí àwọn fíìmù apanilẹ́rìn-ín wa ń dìde sí jù ní ilé sinimá, fíìmù atẹ̀lé sì wà lára wọn. Púpọ̀ nínú wọn kì í sọ ìtàn Kérésìmesì, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọdún ni ẹbí ń jọ lọ wò wọ́n. The Wedding Party 2 jáde ní oṣù Kejìlá 2017, ọdún kan géérégé lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Omo Ghetto: The Saga jáde ní ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ní ọdún 2020, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn Omo Ghetto àkọ́kọ́. Ọdún tí àrùn Kòrónà ti ilé sinimá pa fún ọ̀pọ̀ oṣù ni, síbẹ̀ ó pa mílíọ̀nù 636 náírà, èyí tí fíìmù Nàìjíríà kankan kò tíì pa rí ní àkókò náà. Fúnkẹ́ Akíndélé tún ṣe ìbejì rẹ̀ níbẹ̀, Ẹniọlá Badmus àti Bímbọ́ Thomas sì padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òṣèré tuntun wà, ṣùgbọ́n wọ́n wọlé bí àlejò, kò sí èyí tó gba ipò onílé. Everybody Loves Jenifa, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2024, tilẹ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún 2008 ni àwọn òǹwòran ti mọ Jẹ́nífà.

Ní òdìkejì, Chief Daddy jáde sí ilé sinimá ní oṣù Kejìlá 2018, ó sì rí ojúrere. Apá kejì rẹ̀ kò gba ilé sinimá. Orí Netflix ni ó ti jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì bá a wí gidigidi. Àwọn ojú àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án jù ni pé ìtàn rẹ̀ kò ní orí, kò ní ìdí. Èyí jẹ́ kí á mọ ààlà èrò wa: ojú àwọn onílé lè mú òǹwòran dé pálọ̀, kò sì lè dá a dúró bí kò bá sí ohun tí ẹbí náà ń bẹ̀rù láti pàdánù.

Ohun tó ń dunni ni pé bí àwa náà ti ń ròyìn àwọn fíìmù wọ̀nyí, iye náírà tí wọ́n pa ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni a fi ń ṣe gbogbo àlàyé, bí ẹni pé òǹwòran ti sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ A Christmas Story fi hàn pé ó lè gba ọdún 14 kí ó tó la ẹnu. Iṣẹ́ pápá ni yóò fún wa ní èsì, kò sì ní owó nínú: akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sí pálọ̀ ilé wọn ní oṣù Kejìlá, kí ó kọ ẹni tó béèrè fíìmù sílẹ̀, ibi tí àwọn ará ilé ti ń sọ ọ̀rọ̀ ṣáájú òṣèré, ibi tí ìyá ti ilé ìdáná sáré jáde wá wò, àti ìgbà tí bàbá àgbà, tó ní òun kò wo nǹkan kan, béèrè bóyá wọ́n ti rí ọmọ náà.